Ìjì Ojú Oòrùn: Kí Ló Dé Tí Ohùn Àwọn Aṣọ́nà Kò Fi Ṣọ̀kan?

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ọjà Ìpàta àti Ọjà Ọba wá síbí tààrà, ẹ kò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu. N kò ní pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, gbèsè ni mo fẹ́ fi san. Ọ̀kan nínú yín ni mo jẹ ẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, ẹ ó rí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín.

Arákùnrin yìí ń bá àwọn awọnlẹ̀ ṣiṣẹ́, àwọn tí à ń pè ní sàfíyọ̀. Òun ni ó máa ń di ọ̀pá mú. Ẹ ti rí wọn rí ní ọ̀nà Tánkẹ̀: wọ́n á gbé ọ̀pá gígùn kan nàró, nǹkan róbótó kan á wà lórí rẹ̀ bí àwo ìmumi, ẹnì kan á sì máa tẹ ohun tí ó dà bíi fóònù ńlá. Nǹkan róbótó yẹn ń gbọ́ ohùn àwọn sátẹ́láìtì. Sátẹ́láìtì ni àwọn ẹ̀rọ tí a ti gbé sọ sókè réré, tí wọ́n ń yí ayé po. Láti inú ohùn wọn ni ẹ̀rọ náà ti ń mọ ibi tí ó dúró sí. Bí ara rẹ̀ bá dá, àṣìṣe rẹ̀ kò ju ìbú ìka kan tàbí méjì lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2024, iṣẹ́ pẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Oòrùn ti wọ̀. Òkúta ààlà kan ṣoṣo ni ó kù tí wọn yóò rì mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó máa lọ ilé. Ẹ̀rọ kò gbà. Ó ní ìhín ni ààlà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ní ọ̀hún ni. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ju ìgbésẹ̀ kan lọ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìgbésẹ̀ kan jẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀! Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n ń pín ilẹ̀ bàbá wọn. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn awọnlẹ̀ ti gba owó lọ́wọ́ àbúrò òun. Àbúrò ní kí ẹ̀gbọ́n òun lọ fi Kùránì búra. Díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n fa ọ̀pá ẹ̀rọ náà yọ na ara wọn.

Ohun tí ó dun ọ̀rẹ́ wa jù ni pé òun ti ka ìkéde méjì lórí fóònù rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó kà wọ́n fúnra rẹ̀, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ìkéde kìíní ní gbogbo ọ̀run tutù, kò sí ìjì láti ojú oòrùn. Ìkéde kejì ní ohùn sátẹ́láìtì lè máa mì ní agbègbè agbedeméjì ayé lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ó gbé méjèèjì wá bá mi. Ó ní, "Ọ̀gá Tíṣà, èwo nínú wọn ni kí n gbà gbọ́?"

Mo dá a lóhùn kíá. Mo ní bí ọ̀rọ̀ ẹni méjì kò bá bára mu, ọ̀kan nínú wọn ń purọ́. Ẹ dárí jì mí. Ẹni tí ó bá ti fi ọdún púpọ̀ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn ọmọ ilé ìwé, kò pẹ́ tí yóò fi máa rò pé ìdáhùn kan ṣoṣo ni gbogbo ìbéèrè ayé ní. Mo ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ.

Nígbà tí ọkàn mi kò balẹ̀, mo gbéra, mo lọ sí Yunifásítì Ìlọrin, mo lọ bi àwọn tí ń kọ́ni ní físíìsì léèrè. Mo jókòó níwájú wọn bí ẹ ti jókòó níwájú mi yìí. Ohun tí mo gbọ́, àti ohun tí mo kà lẹ́yìn náà, ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ oòrùn fúnra rẹ̀. Ó jìnnà sí wa tó nǹkan bí mílíọ̀nù 150 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀ lọ́nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Oòrùn kì í jó jẹ́jẹ́ bí iná àtùpà. Ó ń hó kutukutu ni. Àwọn àmì dúdú máa ń wà lójú rẹ̀, níbi tí òòfà ti pọ̀ lápọ̀jù. Òòfà ni agbára tí ó wà lára irin tí ń fa irin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Ẹni tí ó bá ti tú rédíò tí ó bàjẹ́ rí ti rí irú irin bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ibi tí ohùn ti ń jáde. Àwọn àmì dúdú wọ̀nyí a máa pọ̀, wọ́n a tún máa dínkù, ní nǹkan bí ọdún 11 sí ọdún 11. Ọdún 2024 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọdún tí wọ́n pọ̀.

Bí òòfà ibẹ̀ bá lọ́ mọ́ra títí, a máa já gbàmù. Nígbà náà, ohun méjì lè jáde. Èkíní jẹ́ ìmọ́lẹ̀ líle kan tí ojú kò lè rí. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ náà ni yóò fi dé, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ti lè sáré ṣáájú rẹ̀ láti wá kìlọ̀ fún wa. Èyí ni ó máa ń gbé ohùn rédíò ṣọ́ọ̀tì wéèfù mì lójú ọ̀sán. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ BBC ní èdè Haúsá lórí rédíò alágbèéká láyé ọjọ́sí, ẹ rántí bí ohùn ti í ṣeé pòórá lójijì tí a ó máa fi ọwọ́ gbá rédíò? Nígbà mìíràn, rédíò kò jẹ̀bi.

Èkejì ni ìkùukùu. Oòrùn a máa pọ ìkùukùu gbígbóná ńlá jáde, tí ó tóbi ju ayé lọ lọ́nà púpọ̀, tí ó sì gbé òòfà tirẹ̀ dání. Eléyìí kì í yára tó ìmọ́lẹ̀. Ọjọ́ kan sí ọjọ́ mẹ́ta ni ó sábà máa ń lò lọ́nà, nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó bá kọ lu òòfà ayé wa, òun ni à ń pè ní ìjì ojú oòrùn.

Ìyá mi kan níbí ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìjì yìí lè pa ènìyàn. Rárá o, Àlàájà. Afẹ́fẹ́ wa àti òòfà ayé bò wá bí òrùlé. Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp, pé kí a pa fóònù láàárín agogo méjìlá àbọ̀ òru sí agogo mẹ́ta àbọ̀ nítorí ìtànṣán kan tí ń kọjá lọ, irọ́ gbuu ni. Wọ́n ti ń pín in láti ọjọ́ pípẹ́, òru náà kò sì tíì dé. Àwọn ẹ̀rọ ni ìjì ojú oòrùn ń bá jà: sátẹ́láìtì, rédíò ọkọ̀ òfurufú, àti wáyà iná gígùn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1989, ó pa iná gbogbo ẹkùn Quebec ní ilẹ̀ Kánádà, ènìyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́fà wà nínú òkùnkùn fún nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Mo mọ̀ pé wákàtí mẹ́sàn-án kò tó nǹkan lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti ọyẹ́ Ìlọrin.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe yan àwọn aṣọ́nà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣọ́nà ní ìlú Boulder, lábẹ́ àjọ NOAA. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá tiwọn sílẹ̀ ní 2014 lábẹ́ Met Office, àwọn kan náà tí ń sọ ọ̀rọ̀ òjò. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ń ṣe tiwọn ní Brussels. Ní Áfíríkà wa níhìn-ín, àjọ SANSA ti Gúúsù Áfíríkà ń ṣọ́nà ní ìlú Hermanus, tọ̀sán tòru ni wọ́n sì ń ṣe é láti 2022. Nàìjíríà ní àjọ NASRDA láti 1999, ó sì ní ibùdó ìwádìí afẹ́fẹ́ ní Anyigba ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Láti 2019, ẹgbẹ́ àwọn ọkọ̀ òfurufú gbogbo ayé tún yan àwọn ilé iṣẹ́ kan tí wọn yóò máa kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ òfurufú.

Ẹnu púpọ̀, àbí? Ẹ sì má fi ọ̀rọ̀ wọn wé ti oṣù ààwẹ̀. Ní ti oṣù, ẹnì kan ti rí i tàbí kò rí i. Ohun tí ó ti yọ ni a ń bára wa jiyàn lé lórí. Ohun tí kò tíì dé ni àwọn wọ̀nyí ń sọ. Wọn kì í ṣe wòlíì, wọn kò sì dífá. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ̀ ẹrù ṣe àpèjúwe. Wọ́n pè yín láti Ìbàdàn pé ọkọ̀ tí ó kó ọjà yín ti gbéra. Ìgbà wo ni yóò dé Ìlọrin? Àlàájà kan ní agogo mẹ́rin, nítorí ó mọ iye kìlómítà, ó sì mọ bí ọkọ̀ ti ń sáré. Èkejì ní rárá, ọkọ̀ máa ń há ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ kí a fi í sí agogo mẹ́fà. Ẹ̀kẹta mọ awakọ̀ náà. Ó mọ̀ pé yóò dúró kírun, yóò sì jẹun ní Ọ̀yọ́. Ó ní ó di lẹ́yìn ìṣáà. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ni òpùrọ́? Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n gbọ́. Ohun tí olúkúlùkù mọ̀ nípa ọ̀nà ni kò dọ́gba.

Bí ìkùukùu bá jáde láti ojú oòrùn, wọ́n ní láti mọ bí ó ti ń yára tó. Àwòrán ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń bọ̀ wá bá wa gan-an ni ó ṣòro jù láti wọ̀n. Ẹ rò ó wò: bí ẹ bá dúró lójú títì lóru tí mọ́tò kọjú sí yín, iná méjì nìkan ni ẹ ń rí. Ẹ kò mọ̀ bóyá ó ń sáré tàbí ó ń rìn. Ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni ó lè mọ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe rán sátẹ́láìtì méjì tí wọ́n ń pè ní STEREO lọ ní 2006, kí wọ́n lè máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀kan dákẹ́ ní 2014, a kò sì gbúròó rẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, ojú ẹ̀gbẹ́ kan ni ó kù.

Nítorí náà, aṣọ́nà kan á wo àwòrán, á ní ìkùukùu náà ń sáré tó báyìí. Ẹlòmíràn á wo àwòrán kan náà, á rí ìyàtọ̀ díẹ̀. Díẹ̀ náà á di púpọ̀ kí ọ̀nà tó parí. Boulder àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lo irú ìṣirò kọ̀ǹpútà kan náà, tí wọ́n ń pè ní Enlil. Síbẹ̀ èsì wọn lè yàtọ̀, nítorí ohun tí olúkúlùkù bù sínú rẹ̀. Ìyá méjì lè ra ata lórí igbá kan náà kí ọbẹ̀ wọn má dùn bákan náà. Ní Bẹ́ljíọ̀mù àti Fínlándì, wọ́n tún ṣe ìṣirò tiwọn lọ́tọ̀, EUHFORIA ni wọ́n pè é.

Àjọ NASA ti Amẹ́ríkà ṣe ohun kan tí ó wù mí. Láti 2013 wọ́n ti ń kọ àsọtẹ́lẹ̀ olúkúlùkù sílẹ̀ lójú kan, kí ìkùukùu tó dé, kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ lẹ́yìn náà pé "mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀." Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣírò gbogbo rẹ̀, wọ́n rí i pé, ní ìpíndọ́gba, wákàtí 10 ni àsọtẹ́lẹ̀ fi ń yàtọ̀ sí àkókò tí ìkùukùu dé gan-an. Ìyẹn ni pé bí ẹnì kan bá ní òwúrọ̀, tí ẹlòmíràn ní ìrọ̀lẹ́, ìwọ̀n ìmọ̀ wọn ni wọ́n sọ fún yín.

Ó tún ku ọ̀kan, òun gan-an ni ó sì le jù. Mo sọ pé ìkùukùu gbé òòfà dání. Òòfà ní orí méjì. Bí ẹ bá kọjú orí kan síra wọn wọn yóò fà, bí ẹ bá yí i padà wọn yóò ti ara wọn sẹ́yìn. Bí òòfà inú ìkùukùu bá kọjú sí gúúsù, ó lòdì sí ti ayé wa, ilẹ̀kùn á sì ṣí, ìjì á wọlé wúyẹ́. Bí ó bá kọjú sí àríwá, ilẹ̀kùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pátápátá. Ìkùukùu á kanlẹ̀kùn, á sì gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Kò sí aṣọ́nà kan láyé tí ó lè jókòó sílé rẹ̀ kí ó wo ojú oòrùn kí ó mọ ibi tí òòfà yẹn kọjú sí. Àfi ìgbà tí ìkùukùu bá dé ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì oníbodè. Wọ́n gbé ọ̀kan lọ síbẹ̀ ní 1997, òmíràn ní 2015, òmíràn sì tún gbéra ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Mílíọ̀nù kan àbọ̀ kìlómítà ni bodè náà wà sí wa. Ó dà bí ọ̀nà jíjìn létí, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí kan péré ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó dá ẹnì kan lẹ́jọ́, ẹ kọ́kọ́ wo wákàtí tí ó sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú kò tíì rí òòfà. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ní ìdajì wákàtí ṣáájú ti rí i. Bí àwọn méjèèjì bá jọ wà lórí fóònù yín, ẹ ó rò pé wọ́n ń jà. Kò sí ìjà. Ẹ tún wo lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n máa ń kọ tẹ̀ lé wákàtí náà: UTC. Ẹ fi wákàtí kan kún un, ẹ ó ní àkókò tiwa. Ọjọ́ tiwọn kì í bẹ̀rẹ̀ títí di agogo kan òru lọ́dọ̀ wa.

Ẹ wo ti ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 2024. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àwọn ará Boulder ti kìlọ̀ ṣáájú pé ìjì ńlá ń bọ̀. Wọ́n ní ìwọ̀n márùn-ún, láti G1 dé G5. G4 ni wọ́n kéde, wọn kò sì tíì kéde irú rẹ̀ láti oṣù Kìíní 2005. Ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwa, nígbà tí a ń múra Màgíríbì, ó dé. Kí ó tó di agogo méjìlá òru, ó ti wọ G5, èyí tí ayé kò rí láti oṣù Kẹwàá 2003. Ṣé wọ́n ṣìnà ni? Ìkùukùu púpọ̀ ni ó jáde léra wọn. Ti ẹ̀yìn lé ti iwájú bá lọ́nà, wọ́n sì di ọ̀kan. Àwọn àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbin àgbàdo lákòókò náà ní láti dá katakata wọn dúró, nítorí sátẹ́láìtì ni ó ń júwe ọ̀nà fún un, poro kò sì tọ́ mọ́.

Ẹ sì má rò pé G kékeré kò lè ṣe nǹkan. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 2022, ilé iṣẹ́ SpaceX gbé sátẹ́láìtì Starlink 49 sọ sókè. Ìjì tí ó jà lẹ́yìn rẹ̀ kéré nínú ìwé àwọn aṣọ́nà. Ṣùgbọ́n ó mú kí afẹ́fẹ́ òkè wú, ó sì ki. Àwọn sátẹ́láìtì náà ṣì wà nílẹ̀ díẹ̀, wọn kò tíì gun òkè tán. Nǹkan bí 40 nínú wọn jábọ̀, wọ́n sì jóná lójú ọ̀run. Òjò tí kò tó kí a wá ibòji fún lè ba gàrí tí a sá sórí àpáta jẹ́.

Wàyí o, mo padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wa àti ìkéde rẹ̀ méjèèjì.

Ìkéde kìíní, èyí tí ó ní gbogbo rẹ̀ tutù, fi iye kan tí wọ́n ń pè ní Kp sọ̀rọ̀. Láti òdo dé mẹ́sàn-án ni ó ń lọ. Wọ́n ń rí i láti inú ìwọ̀n òòfà ilẹ̀ ní ibùdó 13 káàkiri ayé, ìlú Potsdam ní Jámánì sì ni wọ́n ti ń ṣe àkójọ rẹ̀. Boulder máa ń yára ṣe ìṣirò tirẹ̀ pẹ̀lú ibùdó tí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí kò lè dúró. Nígbà mìíràn iye tiwọn kò bá ti Potsdam mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjì kan náà ti jà tán! Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: nínú ibùdó mẹ́tàlá yẹn, kò sí ẹyọ kan ní Áfíríkà. Ìhà àríwá jíjìn àti gúúsù jíjìn ni gbogbo wọn wà.

Ilẹ̀ tiwa sì yàtọ̀. Ayé ní ìlà agbedeméjì òòfà, kì í ṣe èyí tí a ń fi àwòrán ilẹ̀ kọ́ ọmọ. Ìlà òòfà yìí gba inú Nàìjíríà kọjá, ní ìhà àríwá wa díẹ̀. Bí ẹ bá gbé abẹ́rẹ́ òòfà kọ́ ní Lọ́ńdọ̀n, yóò dorí kodò. Ní Ìlọrin níhìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ gbalaja. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1957 sí 1958, nígbà tí gbogbo ayé pawọ́ pọ̀ ṣèwádìí nípa ilẹ̀ àti òfurufú, wọ́n ń wọn afẹ́fẹ́ òkè ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Cyril Agodi Onwumechili, ẹni tí ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣe iṣẹ́ ńlá lórí odò iná tí ń ṣàn lókè wa lọ́sàn-án, ní nǹkan bí 100 kìlómítà sókè. Ní Yunifásítì Ìlọrin náà, ẹ̀rọ kan ń bẹ tí ń ju ohùn rédíò sókè tí ó sì ń gbọ́ bí ó ti padà; òmíràn ń bẹ tí ń wọn òòfà ilẹ̀. Mo ti gba iwájú ibẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà, n kò mọ̀.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lókè Ìlọrin nìyí. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, afẹ́fẹ́ òkè tí ó kún fún iná a máa ru. Ẹ ti wo ìkòkò ẹ̀kọ lórí ààrò rí? Bí ó bá ti ń ki, nǹkan á máa tú bọ̀ọ̀, bọ̀ọ̀, láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ohùn sátẹ́láìtì tí ó bá gba inú rẹ̀ kọjá á máa mì, bí owó tí a ń wò ní ìsàlẹ̀ omi tí ń jà. Ó máa ń pọ̀ jù ní àkókò oṣù Kẹta àti Kẹrin, àti oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, pàápàá ní àwọn ọdún tí àmì dúdú pọ̀ lójú oòrùn. Kò dúró de ìjì kankan. Kódà, ìjì lè dé kí ó pa á, gẹ́gẹ́ bí ìjì mìíràn ti lè mú un le sí i.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tí ó ní ó tutù ń sọ nípa òòfà gbogbo ayé, òótọ́ ni ó sì sọ. Ẹni tí ó ní ohùn yóò máa mì ń sọ nípa agbègbè wa, láti ìwọ̀-oòrùn dé òru, òótọ́ ni òun náà sọ. Ọ̀kan ń sọ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀, èkejì ń sọ ti ìdí ìkòkò ẹ̀kọ wa. Èmi ni mo pe ọ̀kan ní òpùrọ́.

Ẹnì kan yóò tún béèrè nípa iye tí wọ́n máa ń kọ pẹ̀lú àmì ìdá ọgọ́rùn-ún. Ká ní aṣọ́nà kan kọ 30, òmíràn kọ 45. Ẹni àkọ́kọ́ ń sọ pé bí irú ọjọ́ báyìí bá tó ọgọ́rùn-ún, ọgbọ̀n nínú wọn yóò ní ìbúgbàù ńlá lójú oòrùn. Bí ọjọ́ náà bá kọjá láìsí nǹkan, ẹ kò lè sọ pé ó ṣìnà. Ọjọ́ púpọ̀ ni ẹ óò kó jọ kí ẹ tó lè mọ ẹni tí ó mọ iṣẹ́. Mo mọ̀ pé èyí le díẹ̀. A ó tún fi ẹ̀wà ṣírò rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ẹ̀wà ìkúnwọ́ kan wá. Kí ọ̀rẹ́ wa náà jọ̀wọ́ mú àwọn ìkéde rẹ̀ dání, a ó kọ wọ́n sójú pátákó, a ó sì wá wákàtí, ibi, àti ìwọ̀n lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ní ti ilẹ̀ tí mo sọ, àwọn awọnlẹ̀ náà padà síbẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n jẹun, wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn wákàtí méjì. Ojú kan náà ni ẹ̀rọ mú lẹ́ẹ̀mejèèjì. Wọ́n ri òkúta mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, ní àwọn oṣù mẹ́rin yẹn, wọn kì í wọn ààlà mọ́ bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Àbúrò tọwọ́ bọ ìwé lọ́gán. Ẹ̀gbọ́n pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbà. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ wákàtí tí wọ́n wọ̀n ọ́n sínú ìwé náà, ọ̀rẹ́ wa ni ó sì bá wọn kọ ọ́: agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀, àti agogo mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú.